Igun inú omi àti igun inú fọ́sífínì: kí ni kí n sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi?

Olùkọ́ Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìlú Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan sì ti gbà mí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ wọn pé bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin bá yí átọ̀mù àárín ká, dígírì 109.5 ni igun tó wà láàárín wọn, àti pé kí wọ́n máa yọ 2.5 kúrò fún èjì kọ̀ọ̀kan tí kò bá so átọ̀mù kankan mọ́ra. Báyìí la ṣe ń dé orí amóníà (NH₃) tó jẹ́ 107, tí a sì ń dé orí omi tó jẹ́ 104.5. Ó rọrùn, kì í pẹ́ wọ̀ wọ́n lórí, wọ́n tilẹ̀ ti sọ ọ́ di orin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí.

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tó sì ń ka ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ló nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà. Ó ní: "Sà, fọ́sífínì (PH₃) ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan náà ni náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà, èjì kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ló dé tí ìwé yìí kọ 93.5?" Mo dáhùn pé n óò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé wàhálà náà ju ti fọ́sífínì lọ. Háídírójìn súlífáìdì, H₂S, tí èjì tó dá wà lórí rẹ̀ jẹ́ méjì gẹ́gẹ́ bíi ti omi, 92.1 ni igun tirẹ̀. NF₃ (náítírójìn kan àti fúlórínì mẹ́ta), tó jọ amóníà bí ìbejì, nǹkan bí 102 ni. Orin 2.5 wa kò bá ìkankan nínú wọn mu.

N kò fẹ́ purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Àlàyé wo ni kí n fi rọ́pò orin yìí, tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò fi lè gbé e sọ́kàn? Ẹ̀wẹ̀, kò sí àwọn ohun èlò oníke tí wọ́n fi ń to mólékù nínú yàrá àyẹ̀wò wa. Kí ni mo lè mú lọ́wọ́ dé iwájú wọn?

Ọmọ FUTA

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kẹ́mísírì ni mo ń kà ní FUTA níbí ní Àkúrẹ́, ohun tó kó yín sí ìdààmú yìí sì kó àwa náà sí i ní ọdún kìíní wa. Ní 1940 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, Sidgwick àti Powell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èrò náà jáde pé iye èjì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó yí átọ̀mù àárín ká ló ń pinnu ìrísí mólékù. Ní 1957 ni Gillespie àti Nyholm wá fẹ̀ ẹ́ lójú, tí wọ́n ṣàlàyé bí àwọn èjì náà ṣe ń ti ara wọn. Ìlànà wọn kò ní iye kan pàtó tí à ń yọ. Ètò agbára ló ní: èjì adáwà méjì ló ń ti ara wọn jù, èjì adáwà àti èjì asopọ̀ ló tẹ̀ lé e, èjì asopọ̀ méjì ló ń ti ara wọn kéré jù. Èjì adáwà ni mo pe èyí tí ẹ máa ń pè ní lone pair nínú kíláàsì, èjì asopọ̀ sì ni bond pair.

109.5 fúnra rẹ̀, ìṣirò igun lásán ni. Bí ohun mẹ́rin tí kò fẹ́ rí ara wọn bá dúró lára bọ́ọ̀lù kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ jìnnà sí àwọn yòókù dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé, igun tí yóò wà láàárín méjì èyíkéyìí bí a bá wò ó láti àárín bọ́ọ̀lù náà ni 109.47, tí a máa ń pè ní 109.5. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu kí iye yìí tó lè pé. Ní méténì wọ́n bára mu, nítorí pé kábọ́ọ̀nù mú mẹ́rin wá, háídírójìn mẹ́rin mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, èjì mẹ́rin tí gbogbo wọn so átọ̀mù mọ́ra. Omi náà ní mẹ́jọ, mẹ́fà láti ọwọ́ ọ́síjìn àti méjì láti ọwọ́ háídírójìn, ṣùgbọ́n èjì méjì péré ló so átọ̀mù mọ́ra nínú rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi han ọmọbìnrin náà ni pé bí amóníà bá gba áyọ́ọ̀nù háídírójìn kan (H⁺) sí i tó sì di NH₄⁺, èjì tó dá wà tẹ́lẹ̀ ti rí átọ̀mù so mọ́ra nìyẹn, igun náà á sì ṣí padà láti 107 sí 109.5 gẹ́lẹ́. Ìyẹn jẹ́rìí sí i pé èjì adáwà ló ń fún àwọn yòókù mọ́ra.

Ìyá Olùkọ́, Òkè-Àró

Ọmọ mi, o káre, ṣùgbọ́n o ti fò kọjá ibi tí ọmọ SS2 ti máa ń ṣubú. O ní èjì adáwà ń ti ẹlòmíràn jù. Ó dára. Kí ló dé tó fi ń tì jù? Bí ọmọ kò bá mọ ìyẹn, òfin mìíràn tí yóò há sórí lo fún un, kò sì yàtọ̀ sí orin 2.5. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láìpẹ́ yìí, ewúrẹ́ ni mo sì fi kọ́ wọn ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀.

Bí a bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn kan ṣoṣo nínú àgbàlá, yóò jẹ koríko yí èèkàn náà po títí ibi tí okùn bá gbà á dé, ilẹ̀ ibẹ̀ á sì pá roboto. Bí a bá wá so okùn kejì mọ́ ọn lọ́rùn, tí a na okùn náà lọ síbi èèkàn mìíràn ní ọ̀ọ́kán, ewúrẹ́ yẹn kan náà kò ní lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì bó ṣe fẹ́ mọ́. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín èèkàn méjèèjì ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀. Èèkàn ni àárín gbùngbùn átọ̀mù, níbi tí agbára tó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù wà. Ewúrẹ́ ni èjì ẹ̀lẹ́kítírọ́nù. Èjì asopọ̀ ní èèkàn méjì tó ń fà á, nítorí náà ó tínínrín, ó sì gùn. Èjì adáwà kò ní ju èèkàn kan lọ, ìdí nìyẹn tó fi súnmọ́ átọ̀mù àárín pẹ́kípẹ́kí tó sì gbilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá gbilẹ̀ súnmọ́ ojú ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni yóò fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́gi.

Nínú amóníà, ewúrẹ́ onókùn kan jẹ́ ẹyọ kan, ó ti mẹ́ta yòókù díẹ̀. Nínú omi, wọ́n jẹ́ méjì, àwọn méjèèjì sì tún ń lé ara wọn, ni wọ́n bá pawọ́ pọ̀ ti èjì asopọ̀ méjèèjì súnmọ́ra. Ibi tí 107 àti 104.5 ti wá nìyẹn, ó kàn ṣèèṣì bọ́ sí 2.5 lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú pé bí a bá ń pe orúkọ ìrísí mólékù, átọ̀mù nìkan là ń wò. Èjì adáwà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwòrán. Amóníà dà bí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, omi sì tẹ̀ bí igun ìgbọ̀nwọ́. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé ìrísí omi jẹ́ ti méténì nítorí pé èjì mẹ́rin ni ó ní, ó ti ka ewúrẹ́ mọ́ èèkàn.

Ará Alágbáka

Lórí ohun tí ẹ lè mú lọ́wọ́, sà, mo rò pé obì àbàtà yóò dára. Awẹ́ mẹ́rin ló sábà máa ń ní, ó wà lọ́jà níbi gbogbo, kò sì sí ọmọ Oǹdó tí kò mọ̀ ọ́n.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n Alágbáka. Èmi kì í ṣe olùkọ́, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, ṣùgbọ́n igun ni mo fi ń jẹun. Awẹ́ obì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò yípo ni, bí àwọn ènìyàn mẹ́rin tó jókòó yí àwo ẹ̀bà ká. Bí ẹ bá ti orí wò ó, agbègbè 90 ni igun àárín wọn yóò jọ. Bí ẹ bá fi kọ́ ọmọ, ẹ tún ti dá a padà sí àṣìṣe tí ojú ìwé ti fi sí i lọ́kàn, torí pé ìwé tẹ́ pẹrẹsẹ, àwòrán ara rẹ̀ náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbélébùú. Ohun mẹ́rin tó fẹ́ jìnnà síra kò ní dúró sórí pátákó nígbà tí ààyè wà lókè àti nísàlẹ̀, 109.5 sì ju 90 lọ.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí bí wọ́n bá ní kí n gbẹ́ irú rẹ̀. Ẹ ra ọṣẹ ìfọṣọ gbọọrọ kan, kí ẹ gé e sí ègé tí òró rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ dọ́gba, bíi ti ṣúgà oníhóró ṣùgbọ́n kó tóbi jù ú lọ. Iṣu tútù tó le náà dára. Ègé náà yóò ní ojú mẹ́fà àti ṣóńṣó mẹ́jọ. Ẹ fi bírò sàmì sí ṣóńṣó kan lókè. Ẹ má sàmì sí àwọn mẹ́ta tí etí ègé so mọ́ ọn tààrà. Ẹ sàmì sí àwọn mẹ́ta tí ẹ ní láti gba orí ojú ọṣẹ kọjá ní ìdábùú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣóńṣó mẹ́rin ló ní àmì báyìí, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kò sì sí èyí tó bá èkejì pín etí kan. Ẹ wá ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ bọ ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, kó dorí kọ àárín ọṣẹ gangan. Igun tó wà láàárín ọwọ́ ìgbálẹ̀ méjì èyíkéyìí kò ní yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń wá. Mo ṣe ọ̀kan lálẹ́ àná, mo sì fi ìwọ̀n igun wọ̀n ọ́n: ó wà láàárín 109 sí 110, bí ojú mi kò bá tàn mí.

Ìyá Olùkọ́, Òkè-Àró

Ọlọ́run ló rán gbẹ́nàgbẹ́nà yìí sí wa. Fún èjì mẹ́ta, kò sí ìdí láti wá nǹkan kan jìnnà: ààrò mẹ́ta ni. Bí a bá to òkúta mẹ́ta yí iná ká kí ìkòkò lè jókòó dáadáa, 120 ni igun àárín wọn, BF₃ sì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí pé kò sí èjì adáwà lórí bórọ́ọ̀nù. Èjì méjì sì máa ń wojú ara wọn ní ìlà kan ṣoṣo, 180, bíi ti CO₂. Bí ìsopọ̀ bá jẹ́ oníbejì (double bond, èjì méjì láàárín átọ̀mù méjì), ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ kà á sí, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé ó sanra ju ìsopọ̀ ẹlẹ́yọ lọ, òun náà sì mọ̀ ọ́n tì. Nínú étínì, tí ìsopọ̀ oníbejì so kábọ́ọ̀nù rẹ̀ méjèèjì pọ̀, igun tó wà láàárín háídírójìn méjì tó wà lórí kábọ́ọ̀nù kan náà jẹ́ nǹkan bí 117 dípò 120.

Olùkọ́ Oǹdó

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà, àti ìwọ náà, ọmọ FUTA. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yé mi yékéyéké, mo sì ti rí ọṣẹ rà. Ṣùgbọ́n mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Èjì adáwà kan náà ló wà lórí amóníà, NF₃ àti fọ́sífínì. Bí ó bá jẹ́ ewúrẹ́ onókùn kan yẹn nìkan ló ń tì, kí ló dé tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi dọ́gba?

Ọmọ FUTA

Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ewúrẹ́ yín. Sà, ibi tí èjì asopọ̀ dúró sí láàárín èèkàn méjèèjì ni ìdáhùn wà, nítorí pé èèkàn méjèèjì kì í sábà fà dọ́gba. Lórí òṣùwọ̀n tí Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, ṣe fún agbára tí átọ̀mù fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, fúlórínì ni 3.98, kò sì sí ẹni tó jù ú lọ. Náítírójìn jẹ́ 3.04, háídírójìn 2.20, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 2.19.

Nínú amóníà, náítírójìn ló lágbára jù, ó fa èjì asopọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta súnmọ́ ara rẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́ta wá kóra jọ nítòsí èèkàn kan, ààyè kò gbà wọ́n, wọ́n ń lé ara wọn, wọ́n sì ń dènà èjì adáwà kó má lè fún wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. 107 nìyẹn. Nínú NF₃, fúlórínì ti fa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Itòsí náítírójìn ṣófo díẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìjà láàárín ara wọn mọ́, èjì adáwà sì ráyè tẹ̀ wọ́n jọ dé 102. Ẹ wò ó pé èjì adáwà kò yí padà. Àwọn tí ó ń tì ló fẹ́lẹ́ lójú ibi tí ìjà wà.

Ti fọ́sífínì ní ìdí méjì. Èkíní ni pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tóbi ju náítírójìn lọ. Èèkàn tirẹ̀ dà bí ìdí igi ìrókò. Ewúrẹ́ mẹ́ta tí a so yí ìdí ìrókò ká jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè súnmọ́ra ní ti igun láìfara kanra. Èkejì ni pé 2.19 àti 2.20 kò jura lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó ń kó èjì asopọ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bí náítírójìn ti ń ṣe. Igun wá lè dín kù dé 93.5. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ láti orí omi dé orí H₂S, láti 104.5 sí 92.1. Bí ẹ bá sì tún sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọ́síjìn yẹn, H₂Se jẹ́ nǹkan bí 91, H₂Te sì kù díẹ̀ kó kan 90. Wọn kì í já wálẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Ní yunifásítì, wọ́n ń sọ fún wa pé igun 90 ni àwọn ọ́bítà p mẹ́ta (ọ́bítà ni ààyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ń gbé yí àárín átọ̀mù ká) fi dúró síra, àti pé àwọn átọ̀mù ńláńlá wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ p nìkan ni wọ́n fi ń so háídírójìn mọ́ra, tí èjì adáwà sì ń gbé inú ọ́bítà s.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọbìnrin náà máa bi ara rẹ̀ ni pé: èjì wo ló dá wà, àwọn yòókù sì jìnnà sí àárín tó? Bí ó bá dáhùn ìbéèrè méjèèjì, yóò mọ ẹni tí igun tirẹ̀ kéré sí ti ẹnì kejì, bí kò tilẹ̀ mọ iye rẹ̀ gan-an.

Ẹlẹ́yìn-ọ̀rọ̀

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ewúrẹ́ lè dáhùn gbogbo ìbéèrè. PF₃ jẹ́ nǹkan bí 97.8, ó ju fọ́sífínì lọ. Bí fúlórínì bá ń fa èjì lọ, tí igun sì ń dín kù nítorí ìyẹn, PF₃ ló yẹ kó kéré jù. Cl₂O pẹ̀lú ní èjì adáwà méjì lórí ọ́síjìn bíi ti omi, síbẹ̀ nǹkan bí 111 ni. Ó ju 109.5 gan-an lọ!

Ọmọ FUTA

Ẹ jàre, sà. Nínú Cl₂O, àwọn átọ̀mù kilórínì fúnra wọn ló tóbi, ọ́síjìn tó wà láàárín wọn sì kéré, nítorí náà wọ́n ń fi èjìká gbún ara wọn kí èjì adáwà tó ríṣẹ́ ṣe. OF₂, tí fúlórínì rẹ̀ kéré, padà sí nǹkan bí 103 bó ṣe yẹ. Fún PF₃, àlàyé tí ìwé máa ń ṣe ni pé fúlórínì ń dá díẹ̀ nínú èjì adáwà tirẹ̀ padà fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí ìsopọ̀ náà fi sanra díẹ̀ bíi ti oníbejì, tó sì ń ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síwájú sí i. Náítírójìn kò ní ààyè láti gba irú ìdápadà bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní gbé èyí síwájú ọmọ SS2, sà, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè.

Oníyàrá Àyẹ̀wò

Ọmọbìnrin yẹn yóò béèrè, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ kan tó dára jù lójú tèmi, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà nínú rẹ̀, a sì rí gbogbo ipa rẹ̀ kedere.

Nínú yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń gbóná léèdì náítíréètì láti fi han àwọn ọmọ. Ó máa ń ta pàrà-pàrà nínú túùbù bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, gáàsì aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú kan á sì rú jáde. NO₂ nìyẹn. Májèlé ni, nítorí náà ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fimú fà á. Náítírójìn ló wà láàárín, ọ́síjìn méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́nù ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lórí náítírójìn, kò tilẹ̀ pé méjì. Igun àárín ọ́síjìn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí 134.

Bí a bá yọ ẹyọ kan yẹn kúrò, ó di NO₂⁺. Kò sí ohunkóhun tó dá wà lórí náítírójìn mọ́, kò sì sí ẹni tó ń ti ọ́síjìn méjèèjì. Wọ́n na gbọnrangandan, 180, bíi CO₂. Bí a bá sì fi ẹyọ kan kún un dípò kí a yọ ọ́, ó di NO₂⁻, ẹyọ yẹn ti pé èjì adáwà gidi, igun sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 115. Átọ̀mù mẹ́ta kan náà ni, kò sí ẹni tó tóbi jù tẹ́lẹ̀, kò sí fúlórínì tó wá fà á. Òdo, ọ̀kan, méjì: 180, 134, 115. Ẹyọ kan ń ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ìsopọ̀ tó yí i ká, ìdí nìyẹn tí 134 fi ju 120 lọ. Èjì tó pé ló borí, tó fà á wá sí ìsàlẹ̀ 120.

Bí ẹ bá sì ki túùbù gáàsì yẹn tí ẹ ti dé lẹ́nu bọ inú omi tútù, pupa rẹ̀ á ṣì. Mólékù méjì ń fi ẹyọ tó dá wà lórí wọn so ara wọn pọ̀ di N₂O₄ tí kò ní àwọ̀ ni. Àwọn ọmọ kì í gbàgbé ìyẹn, nítorí pé ojú wọn ló rí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tó ń wá ẹnì kejì.

Ìyá Olùkọ́, Òkè-Àró

Èyí dára púpọ̀, n óò jí i lò bí mo bá tún bá ara mi níwájú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ kan péré lórí ìdánwò, Olùkọ́. Ẹ má kó 107 àti 104.5 dànù, nítorí pé wọ́n ń béèrè wọn. Orin tó ní kí wọ́n máa yọ 2.5 ni kí ẹ kó dànù. Ọmọ tó bá kọ iye tó sì fi gbólóhùn kan kún un pé èjì adáwà gbilẹ̀ súnmọ́ átọ̀mù àárín ju èjì asopọ̀ lọ, tó fi ń tì wọ́n súnmọ́ra, ti ṣàlàyé ara rẹ̀ tán.

Olùkọ́ Oǹdó

Mo ti dé láti kíláàsì, mo sì ní ìròyìn. Àwọn ọmọ gé ọṣẹ mẹ́sàn-án. Mẹ́ta fọ́ nítorí pé wọ́n fi agbára ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe ti méténì tán, mo ní kí wọ́n fa ọwọ́ ìgbálẹ̀ méjì yọ, kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá méjì, kí wọ́n dì í lẹ́nu, kí wọ́n sì so ó mọ́ ojú ihò méjèèjì. Ọ̀rá méjèèjì kò rí ààyè jókòó pọ̀, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ ti ọwọ́ ìgbálẹ̀ méjì tó kù, ọṣẹ sì ti rọ̀ díẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ni àwọn ọwọ́ ìgbálẹ̀ náà bá tẹ̀ súnmọ́ra lójú gbogbo wa. Mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọkùnrin kan ló pariwo pé, "Omi nìyẹn!"

Ọmọbìnrin mi gba àlàyé fọ́sífínì, ó sì kọ "ìdí ìrókò" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ṣí ojú ewé mìíràn, ó ní kí n sọ fún òun bí XeF₄ ṣe rí. Mo bá a ṣírò rẹ̀: sẹ́nọ́ọ̀nù mú mẹ́jọ wá, fúlórínì mẹ́rin mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá, méjìlá, èjì mẹ́fà, mẹ́rin so átọ̀mù mọ́ra, méjì dá wà. Ó wá béèrè ibi tí àwọn méjì tó dá wà yẹn yóò jókòó sí, ṣé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ohun tí ọwọ́ lè mú.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀nà Ìdànrè

Ọṣẹ kan náà ni, ọ̀gá olùkọ́. Ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú mẹ́fà ló ní, èjì mẹ́fà lẹ sì ń wá ibùjókòó fún. Ẹ ki ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan bọ àárín ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gangan, gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò jẹ́ 90. Bí ohun tí Ìyá sọ nípa àwọn adáwà bá jẹ́ òótọ́, tí wọ́n ń lé ara wọn ju bí wọ́n ṣe ń lé ẹnikẹ́ni lọ, wọn kò ní gbà láti jókòó ní ojú méjì tó fara kanra. Ọ̀kan yóò gba ojú òkè, èkejì yóò gba ojú ìsàlẹ̀. Ẹ so ọ̀rá yín mọ́ méjèèjì. Fúlórínì mẹ́rin tó kù yóò tẹ́ pẹrẹsẹ yí àárín ọṣẹ ká, 90 sí 90, nítorí pé bí ti òkè ṣe ń tì wọ́n náà ni ti ìsàlẹ̀ ń tì wọ́n padà.

Ọṣẹ tuntun ni kí ẹ gé o. Ihò ti pọ̀ jù lára èyí tí ẹ ti lò.